Ìwé Kan Ṣoṣo Tó Kù Nínú Àpò Bàbá Dáhùnsí

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni Bàbá Dáhùnsí fi ń parí iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti gbé ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí iwájú orúkọ onílé kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, nítorí pé Faransé ni àwọn ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ní Porto-Novo máa ń sọ. 'Remis' ni ti ìwé tó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. 'Absent' ni ti ẹni tó jáde nílé. 'Refusé' ni ti ẹni tó ní òun kò fẹ́. Ìkẹrin ni 'inconnu', èyí tí a ń kọ nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò tó mọ ẹni náà.

Mo ti mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ènìyàn lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan sá fún ọ̀kan nínú wọn.

Ilé Bàbá Dáhùnsí wà lẹ́yìn ilé wa ní Ifangni. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Wọ́n ga, ẹsẹ̀ wọn gùn, kẹ̀kẹ́ dúdú kan ni wọ́n sì máa ń gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ra alùpùpù. Àwọn àgbàlagbà ń pè wọ́n ní Bàbá Annuaire, ìyẹn Bàbá Ìwé Nọ́ńbà. Nígbà kan, tí tẹlifóònù ṣì ń gba inú wáyà, ìwé nọ́ńbà máa ń ti Porto-Novo wá lọ́dọọdún, ó sì nípọn bí ìrọ̀rí. Bàbá Dáhùnsí ló ń pín in láti Ifangni títí dé Igolo. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn tí kò ní tẹlifóònù pàápàá máa ń bẹ àwọn fún un, kí ọmọ wọn lè jókòó lé e kí ọwọ́ rẹ̀ tó tábìlì. Wọn kò fún wọn rí. Wọ́n ní ìwé tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó sọnù ni, ìbáà jẹ́ pé orí rẹ̀ ni ọmọ ọba jókòó lé.

Lẹ́yìn náà tẹlifóònù alágbèéká dé, ìwé ńlá kò wá mọ́, Bàbá Dáhùnsí sì padà sí oko àgbàdo wọn. Ó pẹ́ kí iṣẹ́ tó tún pè wọ́n. Nígbà tí ìjọba fi 01 sí iwájú gbogbo nọ́ńbà tẹlifóònù, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò rí ọmọ wọn pè mọ́, àwọn ọmọ náà ń ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn tíṣà àti àwọn nọ́ọ̀sì dá sílẹ̀ ní ìlú wa wá tẹ ìwé nọ́ńbà kékeré kan, aláwọ̀ ewé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi to orúkọ inú rẹ̀: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn télọ̀, àwọn tó ń jó irin, àwọn zémidjan tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé yóò gba ẹyọ kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà béèrè ta ni yóò pín in, kò sí orúkọ méjì tí wọ́n dá.

Bí mo ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Kí a tó gba ìsinmi Àjíǹde, tíṣà wa, Màdámù Tèmítọ́pẹ́, ní kí olúkúlùkù wa lọ bá òṣìṣẹ́ kan tó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a kò mọ̀, kí a sì kọ ìtàn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ro ti ọkùnrin tó ń jó irin lójú títì, ṣùgbọ́n ó máa ń pariwo, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Bàbá Dáhùnsí kì í pariwo. Mo mú kàyé ìkọ̀wé mi, mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mo gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀. 'Tournée' ni ìrìn àyíká tí olùpín ìwé máa ń rìn. Mo rò pé láti ilé tó súnmọ́ jù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Dáhùnsí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí yóò gbé ẹrù wúwo lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ibi tó jìn jù ni a kọ́kọ́ ń gbà lọ, kí àpò lè máa fúyẹ́ bí a ti ń bọ̀ wálé. 'Reliquat' ni iye ìwé tó ṣẹ́kù sínú àpò. Ó gbọ́dọ̀ bá iye àwọn ilé tí a kò kọ 'remis' sí dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé olùpín ìwé ti da díẹ̀ sínú igbó. Wọ́n dárúkọ ẹnì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ayé ìwé ńlá. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì wa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni 'divers'. Ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí kò sí ẹni tó mọ abẹ́ iṣẹ́ tí ì bá fi wọ́n sí. Ènìyàn mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Bàbá Dáhùnsí ti rí márùn-ún nínú wọn.

Ìwé ọgọ́sàn-án ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti mọ ibi tí mọ́kàndínlọ́gọ́sàn-án wọlé sí. Ẹyọ kan ló kù. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni AKANNI Amandine. Divers. Ifangni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá kàyé iṣẹ́ padà fún Mùsíọ̀ Hugues, akọ̀wé ẹgbẹ́. Mùsíọ̀ Hugues yóò da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, nítorí pé wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan fún gbogbo komúùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹni tí wọ́n bá kọ 'absent' tàbí 'refusé' sí yóò ṣì wà nínú ìwé tuntun. Ẹni tí wọ́n bá kọ 'inconnu' sí ni wọn yóò yọ.

Bàbá Dáhùnsí ti wá Amandine yìí dé ibi tí ẹsẹ̀ lè dé. Wọ́n lọ sí gbogbo agbo ilé Àkànní tí wọ́n mọ̀. Ní Ko-Koumolou, baálé kan ní ilé àwọn kò bí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Tchaada, wọ́n rí Amandine kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ni. Ọmọ náà di ìwé mú, ó ní òun ni Amandine, òun ni Àkànní, ẹ fún òun ní ìwé òun. Nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sunkún títí ìyá rẹ̀ fi jáde wá bi wọ́n pé irú àgbàlagbà wo ni àwọn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò pe nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Ó dà bí ẹni pé ọgbọ́n ńlá ni mo dá. Wọ́n fa tẹlifóònù wọn yọ, wọ́n fi hàn mí: wọ́n ti pè é nígbà mẹ́rìnlá. Lójoojúmọ́ ni ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ń sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń pè kò sí lórí ìlà.

Ẹ̀bá ọ̀nà Igolo, níbi ahéré Ìyá Aránigbá, ni a jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà. Ibẹ̀ ni Bàbá Dáhùnsí máa ń gbé kẹ̀kẹ́ tì kí wọ́n tó jáde lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń mu omi bí wọ́n bá dé. Igbá tó bá sán ni Ìyá Aránigbá ń tún ṣe. Wọ́n á fi irin gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó sán, wọ́n á fi okùn ìko rán an pọ̀, wọ́n á sì fi oje igi dí ojú rẹ̀. Igbá tí wọ́n bá rán kì í jò mọ́. Wọ́n ju Bàbá Dáhùnsí lọ ní ọdún díẹ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bàbá Dáhùnsí ti bi àwọn náà léèrè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú mi ló ṣe. Bàbá Dáhùnsí wọ awò ojú wọn, wọ́n fa ìwé yọ, wọ́n kà á bí wọ́n ṣe ń kà á ní gbogbo ilé: "Àkànní Amandine. Ta ló mọ̀ ọ́n?" Ìyá Aránigbá béèrè ẹni tó ń wá a. Bàbá Dáhùnsí dáhùn pé búrò, ìyẹn ọ́fíìsì, ni. Ìyá Aránigbá tẹrí ba mọ́ igbá wọn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Ẹtì yìí, Bàbá Dáhùnsí ṣí kàyé wọn, wọ́n mú báírò dání, ṣùgbọ́n wọn kò kọ nǹkan kan. Mo ti fẹ́ béèrè ìbéèrè kan láti ọjọ́ Ajé. Mo kọ ọ́ sínú kàyé mi ná, mo tún un kà, kí n tó lè là á sọ.

"Bàbá, kí ni ọ̀rọ̀ kẹrin yẹn ṣe yín?"

Wọ́n gbé báírò sílẹ̀. Wọ́n wá sọ ti Yésúfù fún mi.

Ní ayé ìwé ńlá, Yésúfù ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán ní Igolo, tẹlifóònù oníwáyà sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ló wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n Télọ̀ Ẹnubodè ni gbogbo ayé ń pè é. Lọ́jọ́ tí Bàbá Dáhùnsí gbé ìwé débẹ̀, Yésúfù ti lọ ra òwú. Wọ́n ka orúkọ náà sí etí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó kò dárúkọ ọkọ rẹ̀ rí láyé rẹ̀, kò sì ní tìtorí ìwé bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Oòrùn mú, àpò wúwo, Bàbá Dáhùnsí kọ 'inconnu', wọ́n sì kọjá lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúkọ Yésúfù kò sí nínú ìwé mọ́.

Yésúfù ní àbúrò kan ní Libreville. Ibi tí àbúrò náà kọ nọ́ńbà sí ti jóná. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cotonou kí ó bá òun wo inú ìwé. Ọ̀rẹ́ wò ó, kò rí i. Ó wò ó lọ́dún kejì, kò rí i. Lọ́dún kẹrin, àbúrò gbéra wá sílé, aṣọ ọ̀fọ̀ ló sì kó sínú àpótí. Ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ń fi ẹsẹ̀ wa á.

"Yésúfù kò bínú sí mi," ni Bàbá Dáhùnsí wí. "Ì bá bínú, ì bá sàn. Títí dòní, bí ó bá rí mi lọ́nà, á nawọ́ sí mi, á sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé: Ẹ wò ó, Dáhùnsí nìyẹn. Òun ló pa mí. Ẹ bi í bóyá ó ti ń mú òkú mìíràn bọ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Bàbá Dáhùnsí ń wo ìwé aláwọ̀ ewé tó wà lórí itan wọn.

"Bí agogo márùn-ún bá lù, tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí," ni wọ́n wí, "obìnrin kan á wà láàyè, ìwé á sì sọ pé kò sí. Ọwọ́ mi náà ni yóò tún jẹ́."

Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé abẹ́rẹ́ Ìyá Aránigbá ti dúró. Wọ́n di igbá mú lórí orúnkún, okùn ìko rọ̀ sílẹ̀.

"Dáhùnsí," ni Ìyá Aránigbá wí. "Ìwé yìí kì í ṣe ti owó orí?"

"Owó orí kẹ̀, ìyá mi? Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù ni."

"Kì í ṣe ti àwọn aṣọ́bodè?"

"Rárá o."

"Ìwọ lo wọ awò, o fa ìwé yọ, o ní búrò ń wá obìnrin kan. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń gbé ẹ̀bá ibodè yìí. Ẹni tó bá fi ìwé wá mi, n kì í sí nílé."

Bàbá Dáhùnsí kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyá Aránigbá tú etí ìró wọn, wọ́n mú ọ̀rá kan jáde, wọ́n tú ọ̀rá náà, wọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ wọn jáde. Wọn kò nà án sí Bàbá Dáhùnsí. Èmi ni wọ́n nà án sí, wọ́n ní kí n kà á, nítorí pé ojú mi ṣì dára.

Mo kà á. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n tún un kà. Àkànní ni, Amandine ni.

Bàbá Dáhùnsí bọ́ awò ojú wọn. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé kẹ̀kẹ́ mi ti ògiri yín."

"O ò bi mí ní orúkọ rí."

"Báwo ni n ó ṣe bi yín ní orúkọ? Ẹ jù mí lọ."

"Ẹ̀bi rẹ kọ́," ni Ìyá Aránigbá wí. Wọ́n wá ṣàlàyé fún wa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú okùn. Fadá ló fún wọn ní Amandine nígbà ìrìbọmi. Àkànní ni orúkọ bàbá wọn, òun ni wọ́n sì fi ṣe ìwé, nítorí pé nínú ìwé orílẹ̀-èdè wa, obìnrin ń gbé orúkọ bàbá rẹ̀ títí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Nílé ọkọ, Ìyàwó ni àwọn àgbà ń pè wọ́n. Àwọn ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ wọn. Àwọn ọmọ ń pè wọ́n ní Ìyá. Àwọn oníbàárà ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn pè wọ́n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí Bàbá Dáhùnsí ka orúkọ náà sókè, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé wọn pé àwọn ni. Nígbà tó yé wọn, ẹ̀rù bà wọ́n.

Bàbá Dáhùnsí béèrè ẹni tó fi orúkọ náà sínú ìwé. Olúwafẹ́mi ni, ọmọ Ìyá Aránigbá tó ń ṣe tíṣà ní Parakou. Ó ti sọ ọ́ lórí tẹlifóònù ní ọjọ́ Àìkú kan pé òun fi orúkọ wọn sínú ìwé kan kí ẹni tí igbá rẹ̀ bá sán lè rí wọn. Ìyá Aránigbá rò pé ìwé ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n sì ṣe àmín. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń tan tẹlifóònù náà, lẹ́yìn ìsìn, nítorí pé ìgbà yẹn ni Olúwafẹ́mi máa ń pè. Ọjọ́ yòókù, inú agolo ni ó ń sùn, kí iná inú rẹ̀ má baà tán.

Bàbá Dáhùnsí dìde. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé aláwọ̀ ewé náà fún Ìyá Aránigbá, wọ́n sì tẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e. Wọ́n kọ 'remis'. Nígbà tí ó ku kí ẹni tó gba ìwé fọwọ́ sí i, Ìyá Aránigbá ní àwọn kò mọ̀ ọ́n kọ. Bàbá Dáhùnsí ní àmì yòówù tó bá jẹ́ tiwọn ti tó. Ìyá Aránigbá wo ojú ewé náà pẹ́. Wọ́n mú báírò bí wọ́n ṣe ń mú abẹ́rẹ́, wọ́n fa ìlà kan gbọọrọ, wọ́n sì fi ìlà kékeré mẹ́ta dá a lábùú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń rán ibi tí igbá gbé sán.

Aago márùn-ún kò tíì lù tí a fi dé ọ́fíìsì. Mùsíọ̀ Hugues fi ìka wá 'reliquat' nísàlẹ̀ kàyé, ó bá òdo níbẹ̀. Ó wo àmì tó wà níwájú Akanni Amandine, ó béèrè irú ìfọwọ́sí wo nìyẹn. Bàbá Dáhùnsí ní ojú rírán igbá ni. Wọ́n tún ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó yọ orúkọ náà kúrò lábẹ́ 'divers' nínú ìwé tuntun, kí ó kọ iṣẹ́ obìnrin náà sí iwájú rẹ̀. Mùsíọ̀ Hugues ronú títí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ náà ní Faransé. Bàbá Dáhùnsí náà kò mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì wò mí, nítorí pé èmi ni mo wà nílé ẹ̀kọ́. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mùsíọ̀ Hugues bá kọ ọ́ bí a ṣe ń pè é: Aránigbá.

Kí n tó kọ ìtàn yìí, mo fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ wọn. Ó tì mí lójú láti lọ dúró sí iwájú ahéré, nítorí náà mo yá tẹlifóònù ìyá mi, mo tẹ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú 01 níwájú. Ọjọ́bọ̀ ni, n kò retí kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta nìyẹn?" ni Ìyá Aránigbá wí. "Igbá rẹ sán ni?"

Mo ní rárá o, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì béèrè orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ kí n kọ.

Wọ́n ní kí n kọ méjèèjì.